Ìgbẹ́ ológbò mi yí padà: kí ni kí n máa wò, ìgbà wo ni kí n sáré lọ bá dókítà?

Ìyá Músù, Ìjàpọ̀
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ológbò ní Àkúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀. Akọ ológbò mi kan tí kò tíì pé ọdún kan ló gbé mi wá. Tẹ́lẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń dì dáadáa, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, á sì fi yanrin bò ó. Oúnjẹ gbígbẹ tí mo ń rà fún un wá gbówó lórí, mo bá ra òmíràn tó dínwó ní Ọjà Ọba. Láti ìgbà náà ni ìgbẹ́ rẹ̀ ti ń rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì. Ó ṣì ń jẹun, ó ń ṣeré, kò bì. Aládùúgbò wa ní kí n fi ìdajì Flagyl sínú omi fún un. Ẹlòmíràn ní kí n lé e jáde nílé torí pé ìyàwó ọmọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi lóyún. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn tó mọ̀ ọ́n kí n tó ṣe ohunkóhun.

Bàbá Kòkó, Ìdànrè
Ẹ kú àmójútó, ìyá wa. Ológbò ló ń bá mi ṣọ́ ibi tí mo ń kó kòkó sí, torí náà mi ò fi ọ̀rọ̀ inú wọn ṣeré. Oúnjẹ yẹn ni kẹ́ ẹ mú. Ìfun ológbò kì í fẹ́ àyípadà òjijì. Ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi ń yí oúnjẹ wọn padà: ìdá mẹ́ta ti àtijọ́ mọ́ ìdá kan tuntun fún bí ọjọ́ méjì mẹ́ta, kó tó di ìdajì sí ìdajì, kó tó wá ku tuntun nìkan. Ẹ wá ti àtijọ́ díẹ̀ rà, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun.

Àwọn kan máa ń ní kí á má fún un lóúnjẹ fún odindi ọjọ́ kan kí inú rẹ̀ lè sinmi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe fún ajá. Ṣé ó bá ológbò mu? Kí dókítà tó wà láàárín wa bá wa dá sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́, FUTA South Gate
Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ń fún un ní mílíìkì? Ní ilé tí mò ń gbé, gbogbo wa la jọ ń bọ́ ológbò kan. Ẹnìkan á po mílíìkì fún un, ẹnìkan á ju ẹja tó ṣẹ́kù nínú ọbẹ̀ sí i, ìgbẹ́ rẹ̀ kì í sì í dì. Ìgbà tí a fẹnu kò pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fún un ní mílíìkì mọ́ ni ara tù ú.

Ìyá Músù, Ìjàpọ̀
O ṣé, ọmọ mi. Kì í mu mílíìkì. Àmọ́ mo máa ń fún un ní pánlá láti inú ọbẹ̀ tí mo bá ti sè tán.

Dókítà Ẹranko, Alágbàká
Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo yín. Ìyá wa, ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ó ń jẹun, ó ń ṣeré, kò bì. Ẹ má wo ìgbẹ́ lásán láìwo ẹni tó ya á. Ológbò tí ìgbẹ́ rẹ̀ rọ̀ ṣùgbọ́n tó ń sáré káàkiri, a lè máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ kan sí méjì. Èyí tí ìgbẹ́ rẹ̀ rọ̀, tó ká jọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí kò fọwọ́ kan oúnjẹ, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìgbẹ́ ológbò tí ara rẹ̀ dá máa ń ní àwọ̀ búráùn, ó máa ń dì, síbẹ̀ ó máa ń tutù níwọ̀nba débi pé yanrin á lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá dúdú kirikiri, tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, ẹ̀jẹ̀ ni: ó ti ń jáde láti inú ikùn tàbí òkè ìfun, ó sì ti dà kó tó dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó pupa fòò lára ìgbẹ́, ìsàlẹ̀ ìfun ńlá tàbí ihò ìdí ló ti wá. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ nítorí pé ó tiraka jù. Bí ó bá tún padà wá, tàbí tó pọ̀, ẹ má wulẹ̀ máa wò ó. Ìgbẹ́ tó funfun bí amọ̀ máa ń fi hàn pé omi òróòro kò dé inú ìfun. Ẹ yára la ẹnu ológbò bẹ́ẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sì wo inú etí rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ti pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, ẹ̀dọ̀ ni kí á lọ yẹ̀ wò.

Ohun kan tún wà tó máa ń ràn mí lọ́wọ́ gan-an bí ẹni tó gbé ológbò wá bá ti kíyè sí i. Ṣé ìgbẹ́ náà pọ̀, ó ṣàn bí omi, ológbò sì ń rù? Ìfun kékeré ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Àbí ó ń lọ síbi yanrin léraléra, tó ń tiraka, tí díẹ̀díẹ̀ ń jáde pẹ̀lú ikun, bíi ti ẹni tí ọ̀rìn ń ṣe? Ìfun ńlá ló wú nìyẹn. Ọ̀nà ìtọ́jú àwọn méjèèjì kò rí bákan náà.

Bàbá Kòkó, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má febi pa ológbò. Bí kò bá jẹun fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, pàápàá èyí tó sanra, ọ̀rá ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ inú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á kún fún ọ̀rá débi tí kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ìyẹn lè pa á níbi tí ìgbẹ́ rírọ̀ kò ti lè pa á. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Adìẹ bíbọ̀ tí kò ní iyọ̀, kò ní Maggi, kò ní ata, kò ní egungun, ó dára fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹran adìẹ nìkan kò ní gbogbo ohun tí ara ológbò ń fẹ́. Kí omi tútù tó mọ́ máa wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ọbẹ̀ yẹn, ìyá wa, ẹ dá a dúró lónìí. Àlùbọ́sà àti aáyù, ì báà jẹ́ tútù, sísè tàbí èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná, máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa ológbò. Ó lè má hàn lọ́jọ́ tó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni ẹ ó rí i pé inú ẹnu rẹ̀ ti funfun, ó ń mí gúlegúle, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n tàbí dúdú. Pánlá tí ẹ bá fẹ́ fún un, ẹ fi omi lásán bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ yọ egungun rẹ̀ kí ata àti àlùbọ́sà tó wọ ìkòkò.

Ní ti Flagyl, à ń lò ó fún ológbò nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ara rẹ̀ la fi ń ṣírò rẹ̀. Ológbò tó wọn kìlógíráàmù mẹ́ta kọ́ ni wọ́n ṣe wóró yẹn fún. Bí ó bá pọ̀ jù, á máa ta gìẹ́gìẹ́, orí rẹ̀ á máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gìrì sì lè mú un. Kò tiẹ̀ ní ṣe nǹkan kan fún ìfun tí oúnjẹ tuntun dà rú. Èyí tó burú jù lọ ni Paracetamol: wóró kan ṣoṣo lè pa ológbò. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́, FUTA South Gate
Ẹ ṣeun, Dókítà. Kí ló dé tí mílíìkì fi ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọmú ni wọ́n mu dàgbà?

Dókítà Ẹranko, Alágbàká
Bí ọmọ ológbò bá ti já lẹ́nu ọmú, èròjà inú ìfun rẹ̀ tó ń fọ́ ṣúgà inú mílíìkì máa ń dín kù. Ṣúgà náà á wà nínú ìfun láìdà, á máa fa omi wọlé, àwọn kòkòrò àìrí inú ìfun á máa jẹ ẹ́, inú á wú, ìgbẹ́ á sì máa ṣàn.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Ọjà Ọba
Ẹ̀yin ará, ẹfínrín ńkọ́? Bí inú bá ń run ọmọ wa, òun la máa ń gbo fún un mu, ara rẹ̀ á sì yá. Mo rò pé ewé Ọlọ́run kò lè pa ẹran.

Dókítà Ẹranko, Alágbàká
Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹfínrín dára fún ọbẹ̀ wa, ẹ má fún ológbò. Ẹ̀dọ̀ ológbò yàtọ̀ sí tiwa àti ti ajá, ọ̀pọ̀ èròjà tí tiwa ń tètè fọ́ ni tirẹ̀ kò lágbára láti fọ́. Ohun tó ń mú kí ẹfínrín ta sánsán wà lára irú èròjà bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà ló mú kí Paracetamol jẹ́ májèlé fún un.

Nọ́ọ̀sì, Yaba, Oǹdó
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ aboyún yẹn, torí pé mo máa ń gbọ́ ọ ní ilé ìwòsàn, ó sì máa ń dùn mí bí wọ́n bá ti lé ẹranko tí kò ṣẹ̀ jáde. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni kòkòrò kan tó ń jẹ́ Toxoplasma. Òótọ́ ni pé ológbò máa ń ya ẹyin rẹ̀ mọ́ ìgbẹ́, òótọ́ sì ni pé ó lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ tí kòkòrò náà bá wọ ara ológbò ló sábà máa ń ya ẹyin yìí, fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò sì tíì lè ran ènìyàn. Ó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí márùn-ún kó tó gbó.

Ìyá Músù, ẹ wá rí i pé kíkó ìgbẹ́ lójoojúmọ́ ni ààbò yín. Kí ẹlòmíràn máa kó o, kí ìyàwó ọmọ yín má fọwọ́ kàn án. Bí òun nìkan bá wà nílé, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó sì fi ọṣẹ fọwọ́ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má fún ológbò náà ní ẹran tútù, bí ó bá sì ṣeé ṣe, kó má jáde lọ dọdẹ èkúté ní àkókò yìí. Ẹran tí kò jinná àti ẹ̀fọ́ tí a kò fọ̀ tún jẹ́ ọ̀nà tí kòkòrò yìí ń gbà wọ ara ènìyàn. Kí ó yẹra fún sùyà tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n, kó sì sọ fún àwọn tó ń rí i ní ilé ìwòsàn pé ológbò wà nílé. Kò sídìí láti lé ẹnikẹ́ni jáde.

Ìyá Músù, Ìjàpọ̀
Háà, Nọ́ọ̀sì, Olúwa á san án fún yín. Màá ka èyí sí ọkọ rẹ̀ létí lálẹ́ yìí.

Ará Ọ̀wọ̀
Tèmi yàtọ̀. Ìgbẹ́ ológbò mi dì dáadáa, ṣùgbọ́n mo ń rí ohun funfun pẹlẹbẹ bí hóró ìrẹsì ní ìdí rẹ̀ àti níbi tó ń sùn sí. Òmíràn tiẹ̀ ń rìn. Mo fún un ní oògùn aràn, ó lọ, ó tún padà.

Dókítà Ẹranko, Alágbàká
Ó padà torí pé eégbọn ṣì wà lára rẹ̀. Aràn pẹlẹbẹ gígùn ló wà nínú rẹ̀, àwọn hóró tí ẹ ń rí yẹn sì jẹ́ ègé rẹ̀ tó ń já jáde pẹ̀lú ẹyin. Eégbọn kéékèèké tó ń fò, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ìdin, máa ń jẹ ẹyin náà. Bí ológbò bá ń lá ara rẹ̀, á gbé eégbọn mì, aràn tuntun á sì bẹ̀rẹ̀. Praziquantel ni oògùn aràn yìí. Ẹ wo ara páálí èyí tí ẹ rà, torí ọ̀pọ̀ oògùn aràn tó wà lọ́jà kò kàn án. Kí ẹ pa eégbọn náà lọ́jọ́ kan náà, kẹ́ ẹ sì fi omi gbígbóná fọ aṣọ tó ń sùn lé.

Àmọ́ oògùn eégbọn ti ológbò ni kẹ́ ẹ lò. Èyí tí wọ́n ṣe fún ajá sábà máa ń ní permethrin nínú, ó ń pa ológbò. Sniper àti otapiapia, kí ẹnikẹ́ni má fi pa á lára, kó má sì fọ́n ọn síbi tó ń dùbúlẹ̀ sí, torí á lá a.

Aràn mìíràn wà tó gùn roboto bí ìndómì. Ìyẹn ló wọ́pọ̀ lára ọmọ ológbò, inú ọmú ìyá wọn ló ti ń bá wọn. Ọmọ tí ikùn rẹ̀ yọ gbẹ̀ǹdù, tí irun rẹ̀ kò dán, ẹ fura sí i. A máa ń bẹ̀rẹ̀ oògùn aràn fún wọn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí wọn á fi pé oṣù mẹ́fà. Àgbà tó ń dọdẹ èkúté lè máa gbà á ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Olówó-Orí-Títì, Oǹdó
Ẹ jọ̀ọ́, mo ń kánjú. Láti àná ni ológbò mi ti ń lọ kúnlẹ̀ síbi yanrin, á tiraka, á ké, kò rí nǹkan kan yà. Ìyàwó mi ní àìrígbẹ́yà ni, kí n ro epo pupa sí i lẹ́nu. Ṣé ṣíbí kan tó?

Dókítà Ẹranko, Alágbàká
Ẹ má ro epo sí i lẹ́nu! Akọ ni àbí abo? Ẹ wo yanrin rẹ̀: ṣé ó tutù láti àná, àbí ó gbẹ?

Olówó-Orí-Títì, Oǹdó
Akọ ni. Yanrin gbẹ. Ó ń lá ojú ara rẹ̀ ṣáá, ó sì bì láàárọ̀ yìí.

Dókítà Ẹranko, Alágbàká
Ẹ gbé e báyìí, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tó sún mọ́ yín jù lọ. Ìtọ̀ ló di, kì í ṣe ìgbẹ́. Ojú ọ̀nà ìtọ̀ akọ ológbò tín-ín-rín gan-an, ikun àti àwọn hóró bíi yanrin tó ń dì sínú ìtọ̀ lè dí i pa. Bí ìtọ̀ kò bá jáde, kíndìnrín á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, èròjà potáṣíọ̀mù á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á sì dákẹ́. Ó lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ má tẹ ikùn rẹ̀, àpò ìtọ̀ tó ti kún lè bẹ́. Ẹ tẹ̀ wọ́n láago kẹ́ ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ ní akọ ológbò tí kò lè tọ̀ ni, kí wọ́n ti máa múra.

Olówó-Orí-Títì, Oǹdó
A ti wà nínú ọkọ̀.

Nọ́ọ̀sì, Yaba, Oǹdó
Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Ẹ fi èsì tó wa létí. Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ti epo yẹn fún gbogbo wa, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é.

Dókítà Ẹranko, Alágbàká
Epo tí a bá rọ sí ológbò lẹ́nu lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Òtútù àyà tó ń tẹ̀ lé e ṣòro láti wò sàn. Bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ àìrígbẹ́yà ni lóòótọ́, tí ìgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, tó le, tó sì kéré, omi ni ara rẹ̀ ń wá. Ẹ máa po omi gbígbóná díẹ̀ mọ́ oúnjẹ gbígbẹ rẹ̀, kó rọ̀, kẹ́ ẹ fi àwo omi kún èyí tó wà nílé. Elégédé bíbọ̀ tí a gún, ṣíbí tíì kan péré nínú oúnjẹ, láìsí iyọ̀, máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Bí ó bá lé ní ọjọ́ méjì tí kò yàgbẹ́, ẹ gbé e wá. Ológbò tó ti dàgbà tó ń ní i lemọ́lemọ́, a máa ń yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò.

Bí ẹ bá sì rí òwú tàbí okùn tó yọ ní ìdí ológbò, ẹ má fà á. Orí rẹ̀ kejì lè ti so mọ́ abẹ́ ahọ́n tàbí inú ikùn. Bí a bá fà á, á gé ìfun. Ó lè gba iṣẹ́ abẹ, kódà ó lè di pé kí á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn.

Akẹ́kọ̀ọ́, FUTA South Gate
Dókítà, ọ̀rẹ́ mi kan rí ọmọ ológbò lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ń bì, ìgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ omi, ó jókòó síwájú àwo omi, kò mu ún. A ti ní méjì mìíràn nílé.

Dókítà Ẹranko, Alágbàká
Ẹ yà á sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e wá lónìí. Ó jọ àrùn kan tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, ó ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ ológbò tí wọn kò fún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ rọra fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè. Bí kò bá tètè padà sílẹ̀, tí ẹran ẹnu rẹ̀ sì gbẹ, omi ara rẹ̀ ti lọ, omi abẹ́ awọ tàbí ti iṣan ni yóò gbà. Ẹ má fi àwo rẹ̀ bọ́ àwọn yòókù. Fáírọ́ọ̀sì yìí lè wà nílẹ̀ ilé fún ọdún kan, ọṣẹ lásán kò sì kàn án. Jik tàbí Hypo, ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n 32, ni kẹ́ ẹ fi nu ilẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ ìdọ̀tí kúrò, kó sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn méjì tó wà nílé, ẹ mú káàdì àjẹsára wọn dání. Abẹ́rẹ́ yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, a sì máa ń tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin-mẹ́rin títí di ọ̀sẹ̀ 16 ó kéré tán.

Ìyá Músù, Ìjàpọ̀
Mo ti ra oúnjẹ àtijọ́ díẹ̀, mo sì ti kó pánlá ọbẹ̀ kúrò. Bí ìgbẹ́ náà kò bá dì lọ́la, mo fẹ́ mú díẹ̀ wá fún àyẹ̀wò. Báwo ni kí n ṣe gbé e?

Dókítà Ẹranko, Alágbàká
Èyí tó bá yà láàárọ̀ ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ mú wá, ìwọ̀n ṣíbí tíì kan ti tó. Ẹ fi ṣíbí oníke tí ẹ ó jù nù bu ibi tí yanrin kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ fi sínú ike kékeré tó ní ìdérí. Bí ẹ kò bá lè tètè dé, ẹ fi nylon méjì wé e, kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì níbi tí kò ti sí oúnjẹ ènìyàn, kó má ju wákàtí 24 lọ. Ẹ má gbé e sínú fírísà, kó má sì wà nínú ọkọ̀ lábẹ́ oòrùn, torí ẹyin aràn tí a fẹ́ wò lábẹ́ máíkíróskóòpù á bàjẹ́. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ìgbẹ́ náà kẹ́ ẹ tó bù ú, kẹ́ ẹ sì mú àpò oúnjẹ tuntun yẹn dání, mo fẹ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.